Mítà Méjì Lára Ògiri Kan

Nígbà tí iná já lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ Sátidé náà, Morìnsọ́lá kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lára sítóòfù oníná rẹ̀. Ó gbọ́ ìró kékeré kan, "páù", lójú ọ̀nà àbáwọlé níbi tí mítà wà. Fáànù dákẹ́. Rédíò Tíṣà Ọlátúnjí tó ń ka ìkéde òkú lọ́wọ́ dákẹ́ sí àárín orúkọ ẹnìkan. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́, bí ìgbà tí ọmọdé ṣubú tí kò tíì ráyè ké. Lẹ́yìn náà ni igbe ta.

Bí ìṣe rẹ̀, Ìyá Onílé ló kọ́kọ́ dé. Ó sáré wọlé láti ṣọ́ọ̀bù ẹja tútù rẹ̀ tó wà níwájú ilé, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá.

"Ta ló já a? Ta ló tún já uná ulé yìí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́, Màmá?" Bímpé aránṣọ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, áyọ́ọ̀nù tó ń tutù lọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Alásè wa ni. Síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà mi ló tún dúró síbẹ̀ yẹn, ìdajì rẹ̀ gún, ìdajì rẹ̀ rún bí ojú arúgbó."

"Ẹ jẹ́ kó pa gbogbo wa kó lè sinmi," ni Ìyá Sàmíát wí. Òun àti Morìnsọ́lá ni yàrá wọn kọjú síra. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀gúsí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹni tí kò ní sítóòfù ń jẹun. Ẹni tó ní i kò jẹ́ ká ríran."

Morìnsọ́lá yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó ń wo abọ́ ńlá tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rẹ̀. Ẹ̀wà lílọ̀ kún inú abọ́ náà, ó ti po ata, epo àti edé mọ́ ọn. Ọgọ́ta ewé mọ́ínmọ́ín ni àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kan ní Ọyẹ́ ní kó sè fún ìpàdé ọjọ́ Àìkú wọn, aago méje alẹ́ Sátidé yìí gan-an ni ọkọ̀ wọn yóò wá gbé e. Wọ́n ti san ìdajì owó, ìdajì náà sì ti di fọ́ọ̀mù ìdánwò tí Kẹ́mi ọmọ rẹ̀ yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀wà lílọ̀ kì í dúró de ẹnìkan. Bí ilẹ̀ bá fi lè ṣú lé e lórí, yóò kan, ẹni tó bá sì gbé mọ́ínmọ́ín kíkan fún ìyá ìjọ lẹ́ẹ̀kan, kó má retí ẹ̀ẹ̀kejì.

Kì í ṣe ìgbéraga ló mú un lo iná mànàmáná. Oṣù keje ọdún 2001 ni, ọjọ́ kẹtàlélógún sì nìyẹn tí karosíìnì ti pòórá ní gbogbo ilé epo tó wà ní Ìkọ̀lé. Èyí tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n lú mọ́ ọn. Ìyàwó káfíńtà kan ní òpópónà ẹ̀yìn ra ìgò kan nínú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, sítóòfù náà sì bú mọ́ ọn lójú. Èédú di ohun tí èèyàn ń tò sórí ìlà fún láti ìdájí, ìwọ̀nba tí ọwọ́ bá tẹ̀ kò sì lè se ju ọbẹ̀ abọ́ kan lọ. Igi ńkọ́? Láti ìgbà tí Bàbá Onílé ti kun ilé rẹ̀ ní ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú lásìkò Àjíǹde ló ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi èéfín igi kan ògiri òun. Olúkáyọ̀dé ọkọ Morìnsọ́lá, akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ ìjọba, ó ń lọ lójoojúmọ́, ó ń bọ̀ lójoojúmọ́, oṣù mẹ́rin gbáko ni wọn kò tíì san owó oṣù fún un. Mọ́ínmọ́ín tó ń jáde lórí sítóòfù yẹn ni ilé ń jẹ.

Olúkáyọ̀dé bọ́ síta, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn.

"Mo ti wí fún ọ pé kí o ta nǹkan yìí," ni ó wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń gbọ́.

"Kí n tà á, ká wá jẹ owó rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó, Bàbá Kẹ́mi?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àwọn ará ilé, ó sì padà wọlé.

Tíṣà Ọlátúnjí ti mú àpótí, ó ti ń gun òkè lọ síbi fíúsì. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ni akọ̀wé ilé. Òun ló ń pín owó iná lóṣooṣù, gílóòbù kan ní ìpín tirẹ̀, fáànù ní tirẹ̀, sítóòfù Morìnsọ́lá sì ń dá san ìpín márùn-ún. Òun náà ló ń fi wáyà tín-ín-rín di fíúsì padà, ẹni tó bá já a ni yóò sì ra wáyà. Ó yọ fíúsì náà, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó di wáyà tuntun mọ́ ọn, ó sì dá a padà.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárọ̀ yìí," ni ó wí bí ẹni tó ń pe orúkọ nínú kíláàsì. "Ìyá Kẹ́mi, mi ò bá yín jà. Ìpàdé wà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ ò bá rí ojútùú sí nǹkan yìí kó tó di aago márùn-ún, a ó gé wáyà tó wọ yàrá yín. Ẹni mọ́kànlá kò lè máa jókòó sókùnkùn nítorí ẹnìkan."

Bàbá Onílé fúnra rẹ̀ ti yọ sí ojú ọ̀nà, Alàgbà Ìbíyẹmí, aṣọ ìpàdé ìjọ lọ́rùn rẹ̀, orín lẹ́nu rẹ̀. Ó tutọ́ orín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ulé ni mo kọ́," ni ó wí, "n ò kọ́ búkà." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

*

Kíóòsì Adébáyọ̀ oníṣẹ́ iná kò jìnnà ju ìkángun òpópónà lọ. Morìnsọ́lá gbé sítóòfù náà lé orí lọ síbẹ̀, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń sẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ ni Adébáyọ̀ ń jẹ. Ó fi ọwọ́ òsì tú ìdí sítóòfù náà, ó wo wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi tẹ́sítà kàn án níbi mẹ́rin, lẹ́yìn náà ló gbé kẹ́tùrù omi lé e lórí, ó sì padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Kí ó tó fọ ọwọ́, omi ti hó.

"Kò sí ohun tó ṣe sítóòfù yín, Màmá Kẹ́mi."

"Kò sí bí?"

"Ara rẹ̀ le ju ara tèmi lọ."

Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbé ìkòkò wá síbẹ̀ kí òun sè é, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn oníná mú iná apá ìkángun yẹn lọ, kò kan apá ilé tiwọn. Adébáyọ̀ gbé ojú sókè sí gílóòbù tó kú, ó kan ṣe họ̀ọ́.

"Ìgbà wo ló máa ń já jù?" ni ó béèrè.

Morìnsọ́lá kò tilẹ̀ ronú. Ó mọ gbogbo ọjọ́ náà bí ẹní mọ ọjọ́ ìbí ọmọ. "Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, mo lè sè láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá ti di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìjàngbọ̀n dé nìyẹn."

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín lọ́jọ́ Ẹtì àti Sátidé?"

Morìnsọ́lá ka yàrá wọn lórí ìka. "Bímpé," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ọjọ́ méjèèjì yẹn ló ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn oníbàárà rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kì í kúrò lórí iná."

Inú bí i bí ó ti ń sọ ọ́. Bó ṣe dé ilé, tí Adébáyọ̀ tẹ̀lé e, kò sọ sítóòfù kalẹ̀ tán tó fi kọjú sí aránṣọ náà.

"Bímpé, áyọ́ọ̀nù rẹ ló ń já iná ilé yìí. Èmi lẹ ń bú."

"Tèmi? Áyọ́ọ̀nù tí kò ju ọwọ́ mi lọ?" Bímpé fi ọwọ́ sí ìbàdí. "Ìyá Kẹ́mi, ẹ má jẹ́ kí ebi sọ yín di elékèé."

"Ta ni ebi ń pa?"

"Ẹ bi ọkọ yín. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti dé ihò ìkẹyìn."

Ìyá Sàmíát rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀gúsí rẹ̀. Bímpé yí padà sí i. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀ pé ẹ ń fi ríìngì oníná se omi ìwẹ̀ nígbà tí gbogbo wa bá sùn?"

"Ríìngì wo? Kí ni ìwọ ń wá lẹ́nu ọ̀nà mi nígbà tí gbogbo ayé sùn? Àbí ọ̀dọ̀ rẹ ni àlejò máa ń gbà kọjá?"

Ọ̀rọ̀ di rúkèrúdò. Wọ́n tú gbogbo ohun tí wọ́n ti di sínú láti ọdún yìí wá sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi tí ẹnìkan fà tí ẹnìkejì lò, ègé ọṣẹ tó sọnù, ọmọ tó yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Adébáyọ̀ dúró láàárín wọn pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ni ó wá wí, "ariwo kì í wọ inú wáyà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín pa ohun gbogbo tó ń lo iná nínú yàrá yín. Gílóòbù, rédíò, fáànù, gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. N óò wo mítà."

Ó di ẹjọ́ kékeré kí Ìyá Sàmíát tó gbà kí wọ́n wo yàrá òun. Nígbà tí wọ́n wò ó, ríìngì wà lábẹ́ ibùsùn lóòótọ́, ó tutù bí òkúta, kò sì sí ẹni tó ráyè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà Ọlátúnjí ló lọ láti yàrá dé yàrá, ìwé ilé ní abẹ́ apá rẹ̀. Ó pa gílóòbù pálọ̀ Bàbá Onílé pẹ̀lú, nítorí ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ó parí. Kò sí ẹyọ kan tó tàn nínú ilé yìí."

Gbogbo wọn kó ara wọn jọ sábẹ́ mítà. Adébáyọ̀ na ìka sí ojú dígí rẹ̀.

Táyà pẹlẹbẹ inú mítà náà ń yí. Kò yí bí ohun tó fẹ́ dúró. Ó ń sáré, àmì pupa etí rẹ̀ ń yọ, ó ń wọ, ó tún ń yọ.

"Ta ni kò tíì pa tirẹ̀?" ni Tíṣà béèrè.

Wọ́n wo ara wọn. Olúkáyọ̀dé wo Bímpé, Bímpé wo Ìyá Sàmíát. Tíṣà tún yípo lọ, ó padà dé, ó mi orí. Táyà ń yí.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan tí Morìnsọ́lá kò mọ̀ pé òun ti ń gbé kiri fún ìgbà pípẹ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Nígbàkígbà tí iná bá já," ni ó wí, "Ìyá Onílé ló máa ń kọ́kọ́ sáré dé. Bó bá jẹ́ pé mítà ṣọ́ọ̀bù wọn dá dúró, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ṣáájú àwa tó wà nínú ilé?"

Gbogbo wọn gbé ojú sí mítà kejì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn lára ògiri kan náà. Mítà ṣọ́ọ̀bù, bí Bàbá Onílé ṣe ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba yàrá. Nígbà tó kun ilé lásìkò Àjíǹde, ọ̀dà gba ojú dígí rẹ̀ kọjá, kò sì sí ayálégbé kankan tó nù ún. Ọ̀dà Bàbá ni, mítà Bàbá ni. Ta ni yóò na ọwọ́ sí ohun àgbà?

Adébáyọ̀ yọ ọ̀bẹ kékeré, ó ha ọ̀dà náà. Ó wo inú rẹ̀, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn yòókù lè wò. Táyà inú mítà yìí dúró gbagidi. Aláǹtakùn ti ta òwú yí i ká, ẹyin ọmọńlé méjì sì wà ní ìsàlẹ̀ dígí, wọ́n funfun báláú.

"Èyí ti kú tipẹ́," ni Adébáyọ̀ wí. "Ẹ tẹ́tí."

Ó na ọwọ́ sókè, ó fa fíúsì àwọn ayálégbé yọ. Láti iwájú ilé, ìkùn àwọn fíríísà tó ti ń dún láti àárọ̀ láìsí ẹni tó kọbi ara sí i dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbọ́ tí àga ha ilẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbọ́ bàtà.

"Ta ló já a?" ni ohùn Ìyá Onílé ń bọ̀. "Ta ló tún já uná ulé yìí?"

Ó yọ sí ojú ọ̀nà, ó rí gbogbo wọn níbi tí wọ́n dúró sí, ó rí ojú dígí tí wọ́n ha. Ó yí padà.

Adébáyọ̀ fi ìka tọ wáyà náà láti inú àpótí fíúsì. Méje wọ yàrá méje. Ìkẹjọ gba òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà ògiri kó má baà hàn, ó gba ihò kan wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Fíríísà mẹ́ta," ni ó wí. "Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ẹja máa ń dé, àbí? Bí ẹja tuntun bá kún inú wọn, wọ́n á máa mí bí ẹni tó ń gun òkè. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbéra pọ̀, ọrùn fíúsì ti tẹ̀. Sítóòfù yín kàn jẹ́ ẹni tó dé ìkẹyìn tí wọ́n mú lólè."

"Ọdún mélòó?" ni Ìyá Sàmíát béèrè jẹ́jẹ́.

Tíṣà Ọlátúnjí ṣí ìwé ilé. Ó ṣí i sẹ́yìn, ó tún ṣí i sẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta ni orúkọ àti ìpín tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀. Ó pa ìwé náà dé.

Inú ilé ru. Ìyá Sàmíát dìde, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀, kò ṣà á. "Lónìí ni bàbá yìí yóò mọ̀ pé ọmọ èèyàn bí mi. Oṣù tí ọmọ mi wà ní ọsibítù, mo san owó iná. Mo tọrọ rẹ̀ san."

"Èmi ńkọ́?" ni Bímpé wí. "Ìpín mẹ́ta lẹ kọ sí áyọ́ọ̀nù mi, Tíṣà."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, wọ́n ní òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Gbogbo wọn ló sọ ọ́ ní ọ̀sán yẹn, oníkálukú bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ mọ òwe náà.

"Jẹ́ ká tú wáyà yẹn nísinsìnyí," ni Morìnsọ́lá sọ fún Adébáyọ̀. "Kí n lè gbé ìkòkò mi kaná."

Adébáyọ̀ ti ń wá irinṣẹ́ nínú àpò. Tíṣà ló gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá dé ná. A kì í fọwọ́ kan nǹkan àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dé, a ó kò ó lójú."

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Sàmíát wí. "Kó má baà di pé àwa la jẹ̀bi."

Olúkáyọ̀dé náà ní òótọ́ ni. Adébáyọ̀ dá fíúsì padà, ó sì jókòó sórí pèpéle láti dúró. Morìnsọ́lá wọn omi tútù sínú ìkòkò tó fẹ̀, ó gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó má baà tètè kan. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó mọ̀ nítorí ó wò ó.

*

Aago mẹ́ta ni Bàbá Onílé dé. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ayálégbé dúró dè é lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò tẹ̀lé e. Dípò Bàbá, òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Ẹja díndín ni, inú òróró gbígbóná. Gáàsì ni àwọn onílé fi ń dáná, àìsí karosíìnì kò kàn wọ́n.

Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, Ìyá Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo káàkiri. Ẹja odindi mẹ́rin lórí àwo kọ̀ọ̀kan, ata díndín lórí wọn, bébà funfun lábẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, obìnrin tó ju gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ orí.

"Bàbá ní kí ẹ fi tọ́ ẹnu wò. Òjò yìí ti pọ̀ jù."

Yàrá Tíṣà ló ti bẹ̀rẹ̀. Morìnsọ́lá gbọ́ "Ẹ ṣeun, Màmá." Ó gbọ́ ọ ní yàrá Bímpé. Ní iwájú yàrá Ìyá Sàmíát, Morìnsọ́lá na etí, ó sì gbọ́ ọ níbẹ̀ pẹ̀lú, ohùn náà kéré ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀yìn ilé ni Morìnsọ́lá wà níbi tó ti ń pààrọ̀ omi abọ́ nígbà tí wọ́n dé yàrá tirẹ̀. Nígbà tó wọlé, àwo náà ti wà lórí tábìlì. Ẹja mẹ́ta ló kù níbẹ̀.

Olúkáyọ̀dé nu ẹnu rẹ̀. "Kẹ́mi yóò ti lẹ́sìnnì dé láìpẹ́," ni ó wí. "Ọmọ yẹn kò tíì fi ẹja jẹun láti oṣù kẹta."

Morìnsọ́lá wò ó. Ó fẹ́ bínú sí i, ó wá rí egungun ọrùn rẹ̀ bó ṣe yọ lókè síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó mú ọmọrí, ó fi bo àwo náà, ó sì jáde.

Ìyá Sàmíát ń fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Kò gbójú sókè. "Ìyá Kẹ́mi," ni ó wí fún omi inú igbá, "níbo ni mo ti fẹ́ rí yàrá ní iye yìí? Èmi opó. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ẹnu jẹ, ojú tì.

*

Aago márùn-ún lù, wọ́n jókòó sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún Bàbá Onílé. Ó béèrè àlàáfíà ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ orúkọ. Ó béèrè lọ́wọ́ Olúkáyọ̀dé bóyá wọ́n ti san owó oṣù. Ó ní Ọlọ́run yóò dá sí i. Wọ́n ní àmín.

Tíṣà Ọlátúnjí ṣí ìwé. "Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀," ni ó kà, "ni ọ̀rọ̀ sítóòfù."

Morìnsọ́lá dúró kí ó parí, ó ti parí.

"Sítóòfù nìkan, Tíṣà?"

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "Ohun tó wà nínú ìwé láti àárọ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ pa iná láti yàrá dé yàrá. Ẹ̀yin lẹ wo táyà mítà. Kí ni ẹ rí?"

"Ọ̀rọ̀ mítà," ni Tíṣà wí, ó ṣì ń nu awò náà, "a óò fi ìrọ̀rùn wò ó lọ́jọ́ mìíràn."

"Bímpé, kí lo rí?"

Bímpé ń fi èékánná ha òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Ìyá Sàmíát?"

Ìyá Sàmíát ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá Onílé wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó ń gbàdúrà, "n ò ní uṣẹ́ kankan pẹ̀lú ìjà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè da ulé rú fún gbogbo èèyàn. Adébáyọ̀, gé wáyà wọn ká lọ sinmi."

Adébáyọ̀ dìde lórí pèpéle, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ìyá Kẹ́mi ló pè mí ṣiṣẹ́. N ò lè gbowó lọ́wọ́ ẹni kí n tún gé wáyà rẹ̀." Ó kí wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá Onílé kò bínú. Ó ki ọwọ́ sínú àpò agbádá rẹ̀, ó yọ ẹ̀mú kan jáde. Ó ti mú un dání láti pálọ̀. Ó nà án sí Olúkáyọ̀dé.

"Ọkọ ló ni yàrá. Ọmọlúàbí ni ọ́. Ìwọ gé e fúnra rẹ, kó má dà bí ẹni pé a fi ìyà jẹ yín."

Wọ́n ní ká kín ni lẹ́yìn, ẹni ẹni fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Tíṣà gun àpótí, ó yọ fíúsì kí iná má baà gbé ẹni tó fẹ́ gé wáyà. Fíríísà dákẹ́ níwájú ilé, gbogbo wọn sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Olúkáyọ̀dé dìde. Ó gun àpótí náà lẹ́yìn Tíṣà. Ó gbé ẹ̀mú sókè sí wáyà yàrá wọn.

"Bàbá Kẹ́mi," ni Morìnsọ́lá wí. "Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó yí ojú padà. Ohun tó wà lójú rẹ̀, ó sàn kí èèyàn má wò ó pẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀. Morìnsọ́lá gba ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gun àpótí náà.

Wọ́n rò pé ìbínú ni, pé ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ti ara rẹ̀. Bàbá Onílé tilẹ̀ ti ń mi orí, ó ní, "Obìnrin dáadáa."

Morìnsọ́lá ka wáyà náà láti apá òsì. Ó ka méje kọjá. Ó di ìkẹjọ mú, èyí tí ọ̀dà ògiri wà lára rẹ̀, ó fi ẹnu ẹ̀mú há a, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ó le. Ó tún fún un. Ó já, orí rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ sílẹ̀ ní gbangba, bàbà inú rẹ̀ ń dán.

Gbogbo ojú lọ sára Bàbá Onílé.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé ẹ̀mú lé orí itan Bàbá Onílé jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà.

"Tíṣà, ẹ dá fíúsì padà."

Tíṣà Ọlátúnjí wo Bàbá Onílé. Ó wo Morìnsọ́lá. Ó wo ìwé tó wà ní ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó gun àpótí, ó sì ti fíúsì náà wọlé. Rédíò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. Morìnsọ́lá wọ igun ìdáná, ó gbé ìkòkò ńlá lé sítóòfù, ó yí i dé òpin. Gbogbo àwọn tó jókòó sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń dúró de "páù" yẹn. Wọ́n dúró títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú ìkòkò. Kò dún.

Ó fi imú gbóòórùn ẹ̀wà náà. Ó ti ń ta díẹ̀, kò tíì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú sínú ewé, ó ń ṣẹ́ ẹ, ó ń tò ó.

Òjìji Bàbá Onílé bo ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ kò tutù mọ́.

"Kí oṣù yìí tó parí, ẹ kó ẹrù yín kúrò nínú ulé mi."

Ewé ọgbọ̀n ti wà nínú ìkòkò, ọgbọ̀n ló kù. Morìnsọ́lá mú ewé mìíràn, ó bu ẹ̀wà sínú rẹ̀.

"A ti gbọ́, Bàbá," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín mi jinná ná."